Alphonse Laveran, dókítà tí ó rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀

Kò sí agboolé kan ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́ tí kò mọ ibà. Àwọn tí ó gbọ́ Faransé a máa pè é ní palu. Orí a máa fọ́ni, òtútù a máa múni títí eyín yóò fi máa gbá ara wọn. Lẹ́yìn náà, ara a gbóná bí iná, òógùn a sì bo gbogbo ara. Bí a bá béèrè ohun tí ó fà á, ìdáhùn a máa pọ̀. Ẹnìkan yóò ní oòrùn ni. Ẹlòmíràn yóò ní iṣẹ́ oko tí ó pọ̀ jù ni. Ẹlòmíràn yóò di ẹ̀bi náà ru epo pupa tàbí oúnjẹ dídín.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni irú èrò bẹ́ẹ̀ ti wà. Títí di ọdún 1880, àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù pàápàá kò mọ ohun tí ń fa ibà. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ burúkú tí ń jáde láti inú irà ni. Ìdí nìyí tí àwọn ará Ítálì fi pe àrùn náà ní malaria, tí ó túmọ̀ sí afẹ́fẹ́ burúkú. Àwọn Faransé pè é ní paludisme, láti inú ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tí ó túmọ̀ sí irà.

Ẹni tí ó yí èrò yìí padà kì í ṣe olókìkí nígbà náà. Dókítà ológun ni, ọmọ ọdún 35, tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun Faransé ní Àlùjéríà. Kò ní ilé ìwádìí ńlá. Kò ní ọ̀pọ̀ olùrànlọ́wọ́. Orúkọ rẹ̀ ni Charles Louis Alphonse Laveran.

Ọmọ dókítà ológun

Páríìsì ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1845. Dókítà nínú iṣẹ́ ogun ni bàbá rẹ̀, Louis Théodore Laveran. Ìdílé ológun ni ìyá rẹ̀ náà ti wá. Ọmọ kékeré ni Alphonse nígbà tí wọ́n rán bàbá rẹ̀ lọ sí Àlùjéríà, ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun Faransé ti bẹ̀rẹ̀ sí gbà láti ọdún 1830. Gbogbo ìdílé ni ó bá bàbá lọ. Ọdún 1856 ni wọ́n padà sí Faransé, ọmọ náà sì wọ ilé ẹ̀kọ́ ní Páríìsì.

Ó yan iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ní ọdún 1863, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn dókítà ológun ní ìlú Strasbourg, ó sì di dókítà ní ọdún 1867. Kò pẹ́ tí ogun fi bẹ́ sílẹ̀ láàárín Faransé àti àwọn ará Jámánì ní ọdún 1870. Laveran wà ní ojú ogun, ó sì wà nínú ìlú Metz nígbà tí àwọn ọ̀tá yí i ká títí ìlú náà fi juwọ́ sílẹ̀. Ó rí ẹni tí ọgbẹ́ pa, ó sì rí ẹni tí àrùn pa.

Ní ọdún 1874, ó ṣe ìdánwò, ó sì yege. Wọ́n fi í ṣe olùkọ́ ní Val-de-Grâce, ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ àwọn dókítà ológun ní Páríìsì. Bàbá rẹ̀ ti kọ́ni níbẹ̀ rí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nípa àwọn àrùn tí ń bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun jà. Ọdún mẹ́rin péré ni ipò náà, bí ó bá sì pé, ẹlòmíràn ni yóò gbà á. Ní ọdún 1878 ó pé, wọ́n sì rán Laveran lọ sí Àlùjéríà, ilẹ̀ tí ó ti gbé ní kékeré.

Hóró dúdú

Kò yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́: ipá ni Faransé fi gba Àlùjéríà, àwọn onílẹ̀ sì jìyà púpọ̀. Ìlera àwọn ọmọ ogun tí ó gba ilẹ̀ náà ni Laveran lọ tọ́jú. Àrùn ń pa wọ́n ju ọta ìbọn lọ, ibà sì wà lára àwọn àrùn tí ó burú jù. Ṣùgbọ́n ibà kì í bi ènìyàn léèrè irú ẹni tí ó jẹ́ kí ó tó wọ inú ara rẹ̀. Bí ó ti ń mú ọmọ ogun ni ó ń mú darandaran àti àgbẹ̀.

Oògùn kan wà tí ń ṣiṣẹ́ sí i. Kínínì ni. Èèpo igi kan láti Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni wọ́n ti ń rí i, àwọn apòògùn méjì ní Páríìsì sì ti mọ bí a ṣe ń yọ ọ́ mọ́ láti ọdún 1820. Àwọn dókítà ń fún àwọn aláìsàn ní kínínì, ara wọn sì ń yá. Kò sẹ́ni tí ó lè sọ ohun tí kínínì ń bá jà nínú ara.

Ìlú Bône ni Laveran kọ́kọ́ ti ṣiṣẹ́, èyí tí à ń pè ní Annaba lónìí. Àwọn tí ibà ń mú pọ̀ gan-an níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá kú, Laveran a la òkú náà láti wo inú rẹ̀. Ó rí i pé ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ irú àwọn òkú bẹ́ẹ̀ a máa dúdú ju ti àwọn òkú mìíràn lọ, bí ẹni pé wọ́n fi èédú lílọ̀ pa wọ́n. Àwọn dókítà mìíràn ti rí hóró dúdú wọ̀nyí ṣáájú rẹ̀, wọ́n sì ti kọ nípa wọn láti bí ọgbọ̀n ọdún. Ṣùgbọ́n wọn kò béèrè ibi tí wọ́n ti wá. Laveran béèrè. Ó wòye pé bí hóró dúdú bá wà lára òkú, ó yẹ kí ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni náà kí ó tó kú. Láti ìgbà náà, kò wo òkú nìkan mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí gún ìka àwọn aláìsàn, ó sì ń wo ẹ̀jẹ̀ wọn.

Míkírósíkóòpù ni ó fi ń wò ó, ìyẹn awò tí ń mú kí ohun tí ojú lásán kò lè rí di ńlá. Awò tirẹ̀ kò lágbára tó àwọn tí ó dára jù ní ayé ìgbà náà. Nínú ẹ̀jẹ̀, ó rí àwọn hóró ẹ̀jẹ̀ pupa tí gbogbo ènìyàn ní. Ó tún rí àwọn ohun mìíràn. Òmíràn rí róbótó, òmíràn tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ bí oṣù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Hóró dúdú sì wà nínú wọn. Ǹjẹ́ ohun alààyè ni wọ́n? Àbí hóró ẹ̀jẹ̀ tí ó ti bàjẹ́ ni? Kò dá a lójú. Ó ń wò, ó ń ya àwòrán ohun tí ó rí, kò sì sọ ohun tí kò mọ̀.

Ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ọdún 1880

Wọ́n ti gbé e lọ sí ìlú Constantine nígbà yìí, ìlú tí ó wà lórí àpáta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó gba ẹ̀jẹ̀ lára ọmọ ogun kan, ọmọ ọdún 24, tí ibà ń mú. Ó fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan sí àárín gíláàsì pẹlẹbẹ méjì, ó sì fi ojú sí awò.

Ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà náà a máa sá ẹ̀jẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó wò ó, wọ́n a sì fi aró kùn ún kí ó lè hàn dáadáa. Òótọ́ ni pé ó ń hàn, ṣùgbọ́n ohun tí ó ti gbẹ ti kú, ohun tí ó ti kú kì í sì í mira. Laveran kò sá ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ gbẹ. Ẹ̀jẹ̀ tútù ni ó ń wò, kò sì kánjú gbé e kúrò lábẹ́ awò. Àwọn àgbà ní bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀.

Lára ọ̀kan nínú àwọn ohun róbótó náà, àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yọ jáde bí irun. Wọ́n ń mira pẹ̀lú agbára. Wọ́n ń na àwọn hóró ẹ̀jẹ̀ pupa tí ó wà nítòsí wọn, wọ́n ń tì wọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún. Hóró ẹ̀jẹ̀ tí ó bàjẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun alààyè nìkan ni ó lè ṣe é. Iyèméjì kúrò lọ́kàn Laveran ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

Ohun tí ó rí dà bí àfòmọ́. Gbogbo àgbẹ̀ ni ó mọ àfòmọ́: kò ta gbòǹgbò sí ilẹ̀, orí igi ẹlòmíràn ni ó ń hù sí, oúnjẹ igi náà ni ó sì ń jẹ. Kòkòrò ibà ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Ó ń wọ inú hóró ẹ̀jẹ̀ pupa, ó ń jẹ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ó ń dàgbà níbẹ̀, ó sì ń bí sí i. Hóró dúdú ni ohun tí ó ṣẹ́ kù nínú oúnjẹ rẹ̀. Ẹni tí hóró ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń bàjẹ́ báyìí ni ojú rẹ̀ máa ń funfun, tí agbára rẹ̀ sì máa ń tán.

Wọn kò gbà á gbọ́

Ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá náà, wọ́n ka ìwé rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ìṣègùn ní Páríìsì. Laveran kò dúró lórí ẹnìkan ṣoṣo. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1881, ó ti yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn 192 wò, ó sì ti rí kòkòrò náà lára 148 nínú wọn. Ó tún ṣàkíyèsí pé bí aláìsàn bá ti lo kínínì, kòkòrò náà ń pòórá nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Báyìí ni ó fi hàn ohun tí kínínì ń bá jà.

Síbẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé kò gbà á. Ìdí wà fún un. Ní àkókò yẹn gan-an, Louis Pasteur ní Faransé àti Robert Koch ní Jámánì ti ń fi han ayé pé bakitéríà ni ó ń fa ọ̀pọ̀ àrùn. Gbogbo ènìyàn ń wá bakitéríà kiri. Ní ọdún 1879, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì kéde pé àwọn ti rí bakitéríà tí ń fa ibà nínú ilẹ̀ irà nítòsí Róòmù. Ohun tí Laveran rí kò jọ bakitéríà rárá. Ẹ̀dá mìíràn ni, tí ó tóbi jù ú lọ, tí ó sì ń yí ìrísí rẹ̀ padà. Ta ni dókítà ológun kan láti Constantine tí yóò máa bá àwọn àgbà onímọ̀ jiyàn? Àwọn ará Ítálì ní hóró ẹ̀jẹ̀ tí ó ti bàjẹ́ ni ó rí.

Laveran kì í ṣe alásọ̀. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ní ẹni jẹ́jẹ́ ni, tí kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀, tí kì í sì í wá ojú rere ẹnikẹ́ni. Dípò kí ó máa pariwo, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Róòmù ní ọdún 1882. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ibà ń mú ní ilé ìwòsàn San Spirito wò. Kòkòrò kan náà ni ó rí níbẹ̀. Ó wá dá a lójú pé ọ̀kan náà ni ibà Àlùjéríà àti ibà Ítálì.

Ní ọdún 1884, ó ti padà sí Val-de-Grâce gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Pasteur fúnra rẹ̀ wá wo ẹ̀jẹ̀ náà lábẹ́ awò. Ó rí àwọn okùn tí ń jà, ó sì gbà. Àwọn ará Ítálì náà gbà lẹ́yìn-ò-rẹyìn, wọ́n sì fi iṣẹ́ ńlá kún iṣẹ́ náà. Camillo Golgi ni ó ṣàlàyé ìdí tí ibà fi ń lọ tí ó sì ń padà wá. Ó rí i pé àwọn kòkòrò a máa dàgbà pọ̀ nínú hóró ẹ̀jẹ̀, wọ́n a sì fọ́ wọn jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tí wọ́n bá ń fọ́ wọn jáde ni òtútù ń múni. Ní ọdún 1889, ilé àwọn onímọ̀ ní Páríìsì fún Laveran ní ẹ̀bùn kan fún ohun tí ó ti rí ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn.

Ibo ni kòkòrò náà ti wá?

Ìbéèrè kan ṣẹ́ kù. Laveran wá kòkòrò yìí nínú omi irà, nínú ilẹ̀ àti nínú afẹ́fẹ́. Kò rí i. Bí kò bá sí nínú irà, báwo ni àwọn ará irà ṣe ń kó o? Dókítà Patrick Manson, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Ṣáínà, ti fi hàn pé ẹ̀fọn ń fa kòkòrò kan mu pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń wú. Láti ọdún 1884 ni Laveran ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ṣeé ṣe kí ẹ̀fọn máa ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú kòkòrò ibà. Ṣùgbọ́n kò rí ẹ̀rí rẹ̀.

Ẹ̀rí náà ti wà lábẹ́ awò rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sì mọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan, William MacCallum, ni ó yanjú èyí ní ọdún 1897, nígbà tí ó ń wo irú kòkòrò kan bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ. Akọ kòkòrò ni ó ń yọ àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà, kí wọ́n lè lọ bá abo. Nínú ara ènìyàn, kì í yọ wọ́n. Ìgbà tí ẹ̀fọn bá fa ẹ̀jẹ̀ mu, tí ẹ̀jẹ̀ náà kúrò nínú ara gbígbóná tí ó sì dé inú ikùn ẹ̀fọn, ni ó ń yọ wọ́n. Ní Constantine, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ náà kúrò nínú ara ọmọ ogun, ó sì tutù lórí gíláàsì. Kòkòrò náà ṣe bí ẹni pé inú ẹ̀fọn ni ó wà. Ohun tí ó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ nínú ikùn ẹ̀fọn ni Laveran rí lórí gíláàsì.

Ní ọdún 1897 kan náà, ní oṣù kẹjọ, Ronald Ross, dókítà ológun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Índíà, rí kòkòrò náà nínú ikùn ẹ̀fọn. Ross yìí wà lára àwọn tí kò gba Laveran gbọ́ tẹ́lẹ̀. Manson ni ó fi kòkòrò náà hàn án lábẹ́ awò ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1894. Lẹ́yìn náà, àwọn ará Ítálì fi hàn pé irú ẹ̀fọn kan tí ń jẹ́ Anopheles ni ó ń gbé ibà láti ara ènìyàn kan lọ sí ara ẹlòmíràn. Abo rẹ̀ nìkan ni ó ń mu ẹ̀jẹ̀, alẹ́ ni ó sì ń jáde jù.

Ọ̀rọ̀ irà wá yé gbogbo ènìyàn. Irà kò ní afẹ́fẹ́ burúkú. Omi rẹ̀ ni ẹ̀fọn ń yé ẹyin sí. Bí ọ̀rọ̀ oòrùn àti epo pupa ṣe rí náà nìyẹn. Oòrùn lè mú kí orí fọ́ ẹni tí ó ti oko dé, oúnjẹ ọlọ́ràá sì lè mú kí èébì gbé ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Ṣùgbọ́n oòrùn kò lè bí kòkòrò sínú ẹ̀jẹ̀, epo pupa kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ kékeré tí kòkòrò yìí wà lára rẹ̀ lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀ bí ohun tí àwọn òbí rẹ̀ ṣe kò bá ju pé wọ́n gba epo lọ́wọ́ rẹ̀. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe ní ilé ìwòsàn ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò, tí wọ́n ń pè ní goutte épaisse, iṣẹ́ Laveran ni ó ti wá: wọn a gún ìka, wọn a gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀, wọn a sì wá kòkòrò náà lábẹ́ awò.

Wọ́n gba awò lọ́wọ́ rẹ̀

Ṣùgbọ́n ní ọdún mẹ́ta ṣáájú kí Ross tó rí tirẹ̀, iṣẹ́ Laveran fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́. Ní ọdún 1894, ọdún tí wọ́n dá fún un ní Val-de-Grâce tún pé. Ó bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní ipò tí òun yóò ti lè máa ṣe ìwádìí lọ. Wọ́n fún ẹlòmíràn, nítorí pé ẹni náà ti pẹ́ jù ú lọ nínú iṣẹ́. Wọ́n rán Laveran lọ sí ìlú Lille, lẹ́yìn náà sí ìlú Nantes, láti máa ṣe alábòójútó. Ìwé ni ó ń buwọ́ lù. Kò sí aláìsàn lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì sí ibi tí yóò ti ṣe ìwádìí. Ó ṣòro láti gbà pé irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí gbogbo ayé ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ lára ohun tí ó rí, ni wọ́n fi sídìí irú iṣẹ́ yẹn.

Ní ọdún 1896, ó fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀. Ó lọ sí Ilé Ìwádìí Pasteur ní Páríìsì. Wọ́n fún un ní yàrá ìwádìí kan, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìgba owó oṣù. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Níbẹ̀ ni ó wà títí ó fi kú.

Ohun tí omi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn lè ṣe

Ní Ilé Ìwádìí Pasteur, ó yí ojú sí àwọn kòkòrò afòmọ́ mìíràn. Àwọn tí ó gba àkókò rẹ̀ jù ni àwọn tí à ń pè ní trypanosome. Wọ́n gùn, wọ́n sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹja. Eṣinṣin tsetse ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn kiri ní ilẹ̀ Áfíríkà. Òmíràn ń pa màlúù àti ẹṣin, àrùn náà sì ń jẹ́ nagana. Òmíràn ń fún ènìyàn ní àrùn oorun, tí ẹni tí ó ní in yóò máa sùn títí tí yóò fi kú bí kò bá rí ìtọ́jú. Àwọn dókítà láti ilẹ̀ òkèèrè ń fi ẹ̀jẹ̀ ẹran àti ti ènìyàn ránṣẹ́ sí Laveran láti yẹ̀ wò. Òun àti Félix Mesnil kọ ìwé ńlá kan lórí àwọn kòkòrò wọ̀nyí ní ọdún 1904.

Ìṣòro kan wà nínú iṣẹ́ náà. Àwọn trypanosome jọ ara wọn púpọ̀ lábẹ́ awò. Báwo ni a ó ṣe mọ̀ bóyá àrùn méjì ni ó wà, tàbí ọ̀kan tí ó ní orúkọ méjì? Laveran àti Mesnil lo àjẹsára, ìyẹn agbára tí ara ń ní láti kọ àrùn tí ó ti ṣe é rí. Wọ́n mú ẹran tí ó ti ní àrùn kan tí ara rẹ̀ sì ti yá. Wọ́n fi kòkòrò àrùn kejì sí i lára. Bí ara ẹran náà bá kọ̀ ọ́, ọ̀kan náà ni àrùn méjèèjì. Bí ó bá tún ṣàìsàn, kòkòrò mìíràn ni. Ohun tí ojú kò lè yà sọ́tọ̀, ara ẹran yà á sọ́tọ̀.

Ní ọdún 1902, Laveran rí ohun mìíràn tí ó ṣàjèjì. Ó fi kòkòrò nagana sí ara eku kékeré, èyí tí ó máa ń pa wọ́n dájúdájú. Lẹ́yìn náà, ó fún wọn ní abẹ́rẹ́ omi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, ìyẹn omi tí ń dúró lórí bí ẹ̀jẹ̀ bá dì. Kòkòrò náà pòórá nínú ẹ̀jẹ̀ eku. Nígbà mìíràn wọ́n tún ń padà wá, nítorí náà kò di oògùn. Ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé ohun tí àwọn darandaran ti ń rí láti ìgbà pípẹ́: nagana lè pa agbo màlúù tán, kí ẹni tí ń dà wọ́n má sì ṣàìsàn. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tí ń pa kòkòrò náà. Laveran kò mọ ohun náà. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kọjá kí àwọn onímọ̀ tó rí i ní Bẹ́ljíọ̀mù, ní ọdún 2003. Ní ọdún 2010, àwọn mìíràn fi hàn pé irú ohun náà tí ó yàtọ̀ díẹ̀ wọ́pọ̀ lára àwọn Yorùbá. Ó ń pa ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò àrùn oorun tí irú ti àwọn ènìyàn yòókù kò lè pa. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, ó lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ti ibà ni ó ṣòro jù. Kòkòrò tí ń yí ara padà bí tirẹ̀ kì í jẹ́ kí ara tètè kọ́ bí yóò ṣe bá a jà. Ó lé ní ọdún 143 láti òwúrọ̀ Constantine náà kí Bẹ̀nẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọ kékeré ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà, ní oṣù kẹrin ọdún 2024.

Ẹ̀bùn àti ọdún ìkẹyìn

Ross gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1902 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀fọn. Laveran, tí ó rí kòkòrò tí Ross lọ wá nínú ẹ̀fọn náà, dúró di ọdún 1907 kí wọ́n tó fún un ní tirẹ̀. Ó pín owó náà sí méjì. Ó fi ìdajì dá ilé ìwádìí sílẹ̀ ní Ilé Ìwádìí Pasteur fún àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru. Ní ọdún 1908, ó dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àrùn ilẹ̀ òkèèrè sílẹ̀, ó sì jẹ́ olórí rẹ̀ fún ọdún méjìlá. Ó ti fẹ́ ìyàwó ní ọdún 1885, Sophie Marie Pidancet, ṣùgbọ́n wọn kò bímọ.

Nígbà ogun ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1914, ó jókòó nínú àwọn ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó ìlera àwọn ọmọ ogun. Ní ọdún 1916, ibà wó àwọn ọmọ ogun Faransé lulẹ̀ ní Masedóníà, níbi tí ẹ̀fọn ti pọ̀ ju ọ̀tá lọ. Ẹgbẹ́ ogun tí dókítà rẹ̀ ti rí kòkòrò ibà láti ọdún 36 sẹ́yìn kò múra tó fún ibà. Láti Àlùjéríà ni wọ́n ti ránṣẹ́ pe Edmond Sergent àti arákùnrin rẹ̀ Étienne, tí wọ́n ti ń fi kínínì àti ogun sí ẹ̀fọn gbógun ti ibà níbẹ̀. Iṣẹ́ wọn mú kí àìsàn náà dín kù púpọ̀.

Laveran kú ní Páríìsì ní ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún ọdún 1922. Ó kù díẹ̀ kí ó pé ẹni ọdún 77. Itẹ́ òkú Montparnasse ni wọ́n sin ín sí. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe ilé ìwòsàn àwọn ológun tí ó wà ní Marseille.